Ẹ Ṣọ́ Ọwọ́ Méjèèjì Ẹni Tó Forí Gbọgbẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láàyè nínú ìwé ìròyìn yín. Bí tírélà bá gbá ọ̀kadà lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, tàbí bọ́ọ̀sì takìtì nítòsí Ọ̀bàjànà, ohun tí a máa ń kà lọ́jọ́ kejì ni iye ẹni tó kú àti iye ẹni tó ṣèṣe. Ìròyìn á parí síbẹ̀. Lórí ibùsùn ni ìyókù ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ gbọgbẹ́ gidi, tí kò kú lọ́jọ́ kìíní, tí wọ́n ti dúpẹ́ lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, ilẹ̀ lè mọ́ lọ́jọ́ kẹrin kí apá ọ̀tún rẹ̀ má gbé mọ́. Ẹ̀gbà ti dé. Àwọn ẹbí á ní ọ̀tá ló ta á lọ́fà, torí wọ́n fi ojú ara wọn rí i tó ń gbé apá náà lánàá.

Kì í ṣe ọ̀tá. Rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tí ọgbẹ́ orí tó le máa ń bí. A mọ àwọn ọ̀nà tó ń gbà wọlé, a mọ àwọn ọjọ́ tó máa ń yọjú jù, a sì mọ ohun tí àwọn tó dúró ti aláìsàn ń ṣe tó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀bẹ̀ wa sí gbogbo ará Okun, láti Yàgbà dé Ìjùmú, láti Kàbà dé Bùnú, ni pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọwọ́ méjèèjì ẹni tó forí gbọgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí wọ́n sì ké sí nọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú tí ọ̀kan bá ti yàtọ̀ sí èkejì.

Kí ni ọgbẹ́ orí tó le? Ìwọ̀n kan wà tí àwọn dókítà méjì, Teasdale àti Jennett, gbé jáde nílùú Glasgow ní 1974, tí a ṣì ń lò títí dòní. Ojú ní máàkì 4, ọ̀rọ̀ ẹnu ní 5, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ń dáhùn ní 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹnikẹ́ni kì í gba òdo níbẹ̀, 3 ló kéré jù. Ẹni tó bá gba 8 tàbí tó dín, ọgbẹ́ rẹ̀ le nìyẹn. Ẹ béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú aago. Ẹni tó bá lè sọ pé “ó wà ní 10 ní aago méjìlá, ó ti di 8 ní aago méjì” ti fún dókítà ní ohun tó ṣe é mú lò. Kí máàkì já ní 2 kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan, ó ti di ọ̀rọ̀ kí a sáré.

Ọ̀nà tí ẹ̀gbà ń gbà wọlé ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rárá ni ti ọrùn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin ló ń gba ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Méjì wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò, níbi tí ìka ti lè gbọ́ bó ṣe ń lù. Méjì wà lẹ́yìn, tó ń gba inú ihò egungun ọrùn kọjá. Bí ọrùn bá ṣẹ́ sẹ́yìn lójijì, tàbí tó yí lódì, tàbí tí nǹkan gbá a níwájú, awọ tó tẹ́ inú iṣan náà lè ya. Ẹni tó bá ti wọ ẹ̀wù tó ní ìtẹ́nú rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣì wọ àárín aṣọ àti ìtẹ́nú rẹ̀: ọwọ́ kò ní rí ọ̀nà jáde, ìtẹ́nú á máa kó jọ, á sì dí apá ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rá wọ àárín awọ inú iṣan àti ara iṣan, tí á máa wú, tí á máa fún ojú ọ̀nà pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á tún dì sí ojú ibi tó ya. Bí ègé kan bá já lára rẹ̀, ọpọlọ ló ń gbà lọ. Ó lè gba wákàtí díẹ̀, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyí tí ẹni tó dìde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá, tó ń sọ pé ọrùn nìkan ló ń dun òun, fi lè ṣubú lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Níbi yìí ni bí a ṣe ń gbé aláìsàn ti ń dùn wá dé ọkàn. Wọ́n á fi ẹni tó dákú sáàárín ọlọ́kadà àti ẹnì kan tó gbá a mú lẹ́yìn. Orí rẹ̀ á máa mì síwá sẹ́yìn bí orí ọmọ tí wọn kò pọ̀n dáadáa, láti abúlé títí dé ilé ìwòsàn. Ọrùn tí ìjàm̀bá ti nà, gbogbo gegele ọ̀nà tún ń nà án sí i. Bí ó bá ṣeé ṣe rárá, ẹ wá ọkọ̀ tí ènìyàn lè nà gbalaja sí, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó iṣu. Ẹ wá pátákó gígùn tàbí ilẹ̀kùn tó ti já. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó di orí mú, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lórí etí, kí imú aláìsàn wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ìdodo rẹ̀. Òun náà ni kó máa pàṣẹ. Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin yòókù á yí ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe ń yí ìtì igi. Ẹ ká aṣọ tàbí kí ẹ di iyanrìn sínú àpò kékeré méjì, kí ẹ fi há orí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má so nǹkankan mọ́ ọrùn fúnra rẹ̀, torí ohun tó bá fún ọrùn kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bì, gbogbo ara ni kí ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe orí nìkan. Bí kò bá sí ọkọ̀, ẹ pe 122 ti àjọ Road Safety tàbí 112. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fa ọrùn náà o. A mọ̀ pé àwọn tó ń to egungun pọ̀ láàárín wa, wọ́n sì ní ọ̀wọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tó jáde nínú ìjàm̀bá kì í ṣe ohun tí à ń yí kó dún kà, kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi òrí àti àdín fà. Ìyapa kékeré inú iṣan tí ì bá san fúnra rẹ̀, irú ìfà bẹ́ẹ̀ ló lè sọ ọ́ di ńlá.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó agbára láti gòkè. Agbárí kì í fẹ̀. Bí ọpọlọ bá wú nínú rẹ̀, ìtẹ̀mọ́ inú agbárí á ga, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọkàn sì gbọ́dọ̀ borí ìtẹ̀mọ́ náà kó tó lè wọlé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ jẹ́ 120/75, ìpíndọ́gba rẹ̀ wà ní 90: nọ́ńbà ìsàlẹ̀ là ń kà lẹ́ẹ̀mejì, ti òkè lẹ́ẹ̀kan, kí a tó pín in sí mẹ́ta. Bí ìtẹ̀mọ́ inú agbárí bá jẹ́ 20, ohun tó ṣẹ́ kù láti fi bọ́ ọpọlọ ni 70, ìyẹn sì dára, torí 60 sí 70 ni à ń wá. Ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa jò ní itan tó ṣẹ́, kí BP já sí 85/55. Ìpíndọ́gba ti di 65. Kí ọpọlọ sì ti wú sí i, kí ìtẹ̀mọ́ gùn dé 30. Ó ku 35. Àwọn ibi tó wà ní ààlà láàárín iṣan ẹ̀jẹ̀ kan àti òmíràn nínú ọpọlọ, bí oko tó wà ní ìparí odò, àwọn ni omi kọ́kọ́ ń gbẹ níbẹ̀. Wọ́n á kú, ẹ̀gbà á sì dé láìsí ẹ̀jẹ̀ dídì kankan.

Nítorí náà, BP tó lọ sílẹ̀ burú fún ẹni tó forí gbọgbẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nọ́ńbà òkè rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ 110 fún ẹni ọdún 15 sí 49 àti ẹni tó lé ní 70. Fún ẹni 50 sí 69, ó kéré tán kó jẹ́ 100. Ẹ dí ojú ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde pẹ̀lú aṣọ mímọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má máa ṣí i wò. Awọ orí nìkan lè da ẹ̀jẹ̀ tó lè mú BP já, pàápàá lára ọmọdé. Kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka má fi hàn pé ọ́síjìn ti wà lábẹ́ 94 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ibùsùn, ẹ gbé ìgbèrí sókè ní ìwọ̀n dígírì 30, kí ọrùn nà gbọnrangandan láìyí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìrọ̀rí méjì tí wọ́n kó sábẹ́ orí nìkan kọ́ là ń sọ, ìyẹn ń ká ọrùn kò ni. Láti ìbàdí ni kí ibùsùn ti gbé sókè.

Ọ̀nà kẹta le ju gbogbo wọn lọ. Bí apá kan ọpọlọ bá wú púpọ̀ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá kó jọ síbẹ̀, á ti ọpọlọ lọ sí ibi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀, á sì fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kan mọ́ ara awọ líle tó pín inú agbárí. Iṣan tó ń lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ ló sábà máa ń kàn. Ẹni tó bá là á já lè má ríran mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan: á máa kọlu ilẹ̀kùn lọ́wọ́ òsì, á máa jẹ ìdajì oúnjẹ inú àwo sílẹ̀, àwọn ará ilé á rò pé kò ka nǹkan sí. Àmì tó máa ń ṣáájú wà nínú ojú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ojú kan lẹ́yìn èkejì. Ọmọlójú méjèèjì yẹ kó kéré bákan náà lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ tí kò sì dáhùn sí iná, ìṣẹ́jú ló kù, kì í ṣe wákàtí. Ọmọlójú tó kéré ju èkejì lọ, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀, lára ẹni tí ọrùn ń dùn, ń sọ ọ̀rọ̀ iṣan ọrùn tí a ti mẹ́nu kàn. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà ní gbangba.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sí ojú ọpọlọ tún lè mú kí àwọn iṣan ibẹ̀ súnkì, láti bí ọjọ́ kẹta títí wọ ọ̀sẹ̀ kejì. Ìdí tí a fi ní ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ọ̀rá inú egungun itan tó ṣẹ́ lè wọ ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí níbi tí agbárí ti sán. Ibi tí ọpọlọ ti bó lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ di ìlọ́po méjì ti àárọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọwọ́.

Ẹni tó bá lajú tó ń gbọ́ràn kò nira láti dán wò. Kó rẹ́rìn-ín. Kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó di ojú, kí ẹ ka 10. Kó dárúkọ ìlú rẹ̀. Ẹnu tó wọ́, ọwọ́ kan tó ń rọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lọ́, ẹ̀gbà ni ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó wá sí yín lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní 8 kò lè rẹ́rìn-ín fún yín. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbà fi ń wọlé tọ̀ ọ́ láìsí ẹni tó mọ̀.

Bó ṣe máa ń rí rèé. Aláìsàn ò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi. Ọ̀tún ń fa rọ́bà oúnjẹ tó gba imú rẹ̀, òsì ń ká aṣọ ìbora kúrò lára. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń mú ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ ní ogún ìgbà láàárín wákàtí kan, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òsì nìkan ló ń lọ síbi rọ́bà. Ọ̀tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, ìka ká díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti yí síta, ó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé á ní “ẹ wò ó, ara rẹ̀ ti ń rọlẹ̀.” Kò rọlẹ̀. Ọwọ́ tó ń yọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu lánàá ló ti kú lónìí, ìfọkànbalẹ̀ ni wọ́n sì kà á sí.

Nítorí náà, ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, ẹ wo nǹkan mẹ́rin: ṣé ọwọ́ méjèèjì ṣì ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì ń ká? Ṣé ojú méjèèjì ò wò sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bí ẹni tí wọ́n de ojú rẹ̀ mọ́ ògiri? Ṣé ọmọlójú dọ́gba? Nọ́ọ̀sì á fi bíírò tẹ èékánná ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ bá a wo ọwọ́ tó fà sẹ́yìn àti èyí tí kò fà. Bí wọ́n bá ti de ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì kó má baà fa rọ́bà yọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú méjèèjì lójú yín ní gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń pààrọ̀ ara wọn. Ọwọ́ tó wà nínú ìdè kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti rọ.

Ohun tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì tún wà níbẹ̀. Ẹ má fún un ní aspirin. Lóòótọ́, wọ́n ń lò ó fún oríṣi rọpárọsẹ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ dídì, àmọ́ orí tó gbọgbẹ́ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú lọ́wọ́lọ́wọ́, aspirin kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibuprofen. Bí iṣan ọrùn bá ti ya, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni ìtọ́jú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí a lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìpa aláìsàn lára, àwòrán inú orí ló ń sọ ọ́. Paracetamol lẹ lè lò fún ìrora, bí ó bá lè gbé nǹkan mì. Ẹ má fún un ní abẹ́rẹ́ oorun torí pé ó ń jà. Ìjà náà lè jẹ́ àìrí ọ́síjìn, ó lè jẹ́ ìtọ̀ tó dí. Oògùn oorun á dín èémí rẹ̀ kù, á sì bo ẹ̀gbà mọ́ yín lójú. Dírìpù oníṣúgà kì í ṣe tirẹ̀, àfi bí wọ́n bá wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí i pé ó já. Omi inú rẹ̀ ń wọ inú ọpọlọ tó wú, ó ń fi kún un. Dírìpù oníyọ̀ ni kí wọ́n fà fún un.

Abẹ́rẹ́ dexamethasone ńkọ́, tí ọ̀pọ̀ ń gún fún “ọpọlọ tó wú”? Ọ̀rọ̀ yìí ti tán nílẹ̀ láti 2004. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní CRASH gba ènìyàn 10,008 tó forí gbọgbẹ́. Wọ́n fún ìdajì ní oògùn tó wà nínú ẹbí dexamethasone, wọ́n fún ìdajì ní ayédèrú tí kò ní oògùn nínú, kí wọ́n lè fi wéra. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 21.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú àwọn tó gba oògùn, 17.9 nínú àwọn tí kò gbà á. Oògùn náà ń pa wọ́n. Ẹni tó bá ṣì ń gún un fún orí tó gbọgbẹ́ ní Kogí lónìí, ẹ ní kó dẹ́kun. Èyí tó lè ṣàǹfààní ni tranexamic acid, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá: gírámù 1 láàárín ìṣẹ́jú 10, gírámù 1 mìíràn láàárín wákàtí 8, kó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 3 sí ìjàm̀bá. Ìwádìí CRASH-3 ti 2019, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé àwọn tí ọgbẹ́ wọn kò tíì le jù ló ń jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tó bá sì tètè dé ilé ìwòsàn kí ó tó di wákàtí mẹ́ta ló wà fún, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sílé kí ó sùn wò.

Kí ẹ tó gbéra kúrò ní Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Kàbà, yálà ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni ẹ ń wò tàbí ọ̀nà Ìlọrin, ẹ fi fóònù béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ibi tí ẹ ń lọ: ṣé ẹ̀rọ CT scan tó ń ya àwòrán inú orí ń ṣiṣẹ́ lónìí, ṣé dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà nílé. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Láti 1962 ni dókítà Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn. Ohun tó ń pa ènìyàn ni kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan, kí ibẹ̀ dárí rẹ̀ sí òmíràn, kí ilẹ̀ mọ́ bá wọn lójú ọ̀nà. Owó kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró lẹ́nu géètì. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ìtanràn rẹ̀ ni ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, àmọ́ ẹ sọ ọ́.

CT ọjọ́ kìíní lè mọ́ tónítóní kí ẹ̀gbà sì wà lọ́nà. Apá ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́kun láti dé kì í fara hàn dáadáa nínú àwòrán ní wákàtí àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ bá rọ tí àwòrán kò sì sọ ìdí rẹ̀, ẹ bẹ dókítà kí wọ́n tún un yà, kí wọ́n sì ya iṣan ọrùn pẹ̀lú, pàápàá bí egungun ọrùn, ìsàlẹ̀ agbárí tàbí egungun ojú bá ti sán, tàbí bí bẹ́líìtì ọkọ̀ bá fi àpá sí ọrùn tó sì wú. Àwa ò ní kí ẹnikẹ́ni má de bẹ́líìtì o. Èjìká àti àyà ni kó gbà, kó má gba ọrùn. Bákan náà ni akoto ọ̀kadà: bí okùn rẹ̀ kò bá so lábẹ́ àgbọ̀n, á fò lọ kí orí tó balẹ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, tí wọ́n ń fún àwọn oní-rọpárọsẹ̀ mìíràn láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, a kì í fún ẹni tó forí gbọgbẹ́ gidi láàárín oṣù mẹ́ta. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ìdènà fi ká wa lára tó báyìí nìyẹn.

Bí ó bá ti rọ, iṣẹ́ ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹ má da ògì sí ẹnu ẹni tí kò tíì jí dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ó sì ń pa wọ́n nígbà tí ọpọlọ ti ń san. Kí ó tó jẹun lẹ́nu, kó jókòó gbọnrangandan, kó gbé omi ṣíbí kan mì lójú nọ́ọ̀sì. Bí ó bá húkọ́, tàbí tí ohùn rẹ̀ di bí ẹni tí omi wà lọ́fun, kò tíì tó àkókò. Rọ́bà imú ni kó ṣì máa jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, kó ṣì jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ yí i padà ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn má baà jẹrà. Ẹ má fi apá tó rọ fà á dìde láéláé. Iṣan tó di èjìká mú ti rọ pẹ̀lú apá; ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fi ọwọ́ ha abíyá rẹ̀ gbé e, èjìká á yẹ̀, ìrora rẹ̀ á sì lé e kúrò nínú gbogbo eré ìdárayá tí físíò bá kọ́ ọ. Ìrọ̀rí ni kẹ́ ẹ fi gbé apá náà, kí igbọ̀nwọ́ má rọ̀ dirodiro. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ bá a sọ̀rọ̀, kó lè máa rántí pé ẹ̀gbẹ́ náà wà.

A ò tíì sọ ti àwọn bàbá àti ìyá wa. Àgbàlagbà tó yọ̀ ní balùwẹ̀, tó fi orí gbá ìgànná, tó dìde tó ní kò sí nǹkan: ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ kan, wọ́n á máa sùn jù, wọ́n á máa pe ọmọ kan ní orúkọ ọmọ mìíràn. A ní wọ́n ń ṣarán, tàbí a ní rọpárọsẹ̀ ni, a bẹ̀rẹ̀ sí í po àgbo. Ó jọ rọpárọsẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ihò kékeré kan tàbí méjì tí oníṣẹ́ abẹ bá lu sí agbárí, tí ẹ̀jẹ̀ náà bá jáde, ọ̀pọ̀ wọn ló ń padà rìn lọ sí ọjà. Ẹ rántí ìṣubú oṣù tó kọjá, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà láìdúró kó béèrè.

Ewu náà kò sì parí ní ọjọ́ tí wọ́n dá aláìsàn sílẹ̀. Ìwádìí kan láti Taiwan tó jáde ní 2011 rí i pé láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, rọpárọsẹ̀ kọlu nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọpọlọ wọn ti ṣèṣe, nígbà tó jẹ́ 3 nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tí kò ṣèṣe. Ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Ó ń dín kù bí ọdún ṣe ń lọ, àmọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó ṣì ju ìlọ́po méjì lọ. Kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ gba ọjọ́ tí yóò padà wá, ẹ gba àkọsílẹ̀ BP rẹ̀. Ìgbà tí ọpọlọ wú ni a kò fẹ́ kí BP lọ sílẹ̀; lẹ́yìn tó bá ti san, tí ó bá dúró sókè 140/90, ó yẹ kó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kó dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀ torí pé orí kò fọ́ ọ.

Olóòtú, ohun kan la tún fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ ìròyìn ìjàm̀bá láti agbègbè wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìlà mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: pe 122; má gbé ẹni tó dákú sórí ọ̀kadà; ṣọ́ ọwọ́ méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń ka ìwé yín ní gáréèjì Kàbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí ọkọ̀ ti dànù.

Àwa ni tiyín,
Àwa nọ́ọ̀sì àti físíò kan,
Ìwọ̀-oòrùn Kogí